Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ ní Ilé Mátàjí

Bí ẹ bá ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ yín, tí ẹ sì ti sọ fún ara yín pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ dákun, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ tèmi. Jẹ̀díjẹ̀dí ni èmi náà pè é. Ta ni kò ní pè é bẹ́ẹ̀ nínú wa? Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tó bá fẹ́ràn ohun dídùn, ìdí rẹ̀ ni yóò fi jìyà rẹ̀. Mo wo bisikíìtì tí mò ń jẹ pẹ̀lú tíì níbi iṣẹ́, mo ní òun ló fà á, mo sì pa á tì. Ẹ̀jẹ̀ kò tìtorí ìyẹn dá.

Ilé ìkẹ́rùsí kan létí èbúté Dublin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àsìkò tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní ti Ẹkùn ni, tí iṣẹ́ pọ̀ ní Ireland ju òṣìṣẹ́ lọ. Bí èèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láàárọ̀, yóò ti rí òmíràn kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mulhuddart, lẹ́yìn ìlú Dublin, ni èmi àti Sìkírá ìyàwó mi ń gbé pẹ̀lú Kádíjà ọmọ wa, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo sì ti ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò. Páálí ni mò ń sọ̀ láti inú kọ̀ntéènà, àfikún iṣẹ́ sì ń bẹ lópin ọ̀sẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Èmi máa ń fẹ́. Bí ó bá rẹ̀ mí, mo ní iṣẹ́ ni. Nígbà tí bẹ́líìtì mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ihò tuntun, mo ní oúnjẹ Òyìnbó ni kò lágbára.

Arákùnrin kan ní mọ́ṣáláṣí bá mi mú àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá láti ilé. Kádíjà kì í fẹ́ kí n ṣí i rárá. "Da, that yoke is rotten!" ni yóò pariwo, pé nǹkan náà ti jẹrà, tí yóò sì sáré lọ ṣí fèrèsé. Àgbo náà mú mi yàgbẹ́ gan-an, ẹ̀jẹ̀ sì rọlẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́, mo wá ń yin ara mi pé mo mọ oògùn lò. Nígbà tó padà dé, ìrora ló bá a wá.

Dinesh, ará Íńdíà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ganíyù, your face is like ash. Abeg, go and see doctor." Àwa ará Nàìjíríà la kọ́ ọ ní abeg yẹn, mo sì fi rẹ́rìn-ín. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò tíì dé tí mo fi ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ntéènà.

Ẹni tó bá mọ ilé ìwòsàn ìlú yìí láyé ìgbà náà mọ̀ pé ìjókòó ibẹ̀ kì í ṣe ti eré. Àga oníke ni wọ́n fún mi, Sìkírá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tó ti mutí yó ń kọrin, ìyá àgbà kan tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn onítáyà lẹ́nu ọ̀nà sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ohùn sókè sí i. Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó pè mí. Lẹ́yìn náà, mo tún dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná wo inú mi. Ọjọ́ tí a lọ gbọ́ èsì, dókítà, obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Bí dókítà bá ti fa àga, kẹ́ ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ó ní jẹjẹrẹ ni, inú ìfun ló wà. Mo bi í bóyá n ó kú. Ó ní àwọn yóò ṣe gbogbo ohun tí àwọn bá lè ṣe, pé ká ní mo pẹ́ jù báyìí lọ ni, ọ̀tọ̀ ni ohun tí òun ì bá máa sọ. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè wọ kóòtù mi fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ dé ilé. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Làmídì, ń fi fóònù pè mí láràárọ̀. "Ganíyù, má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn ọ́ o! Ẹni tí wọ́n bá là nínú kì í pẹ́. Máa bọ̀ nílé, ẹnì kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi ewé wò ó." Àǹtí ìyàwó mi fi oyin àti omi àdúrà ránṣẹ́. Kò sí ọ̀tá mi nínú wọn, ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń fà mí. Kí n má parọ́, ohun tí wọ́n ń sọ wù mí í gbọ́ ju ti dókítà lọ, nítorí ewé kì í gé èèyàn. Sìkírá ló gba fóònù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan. "Bùọ̀dá, ẹ má bínú sí mi," ó ní, ó sì kúnlẹ̀ bíi pé wọ́n ń rí i. "Ọ̀la ni wọ́n ń ṣe é fún un." Bí mo ṣe wà láàyè lónìí, gbólóhùn yẹn wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo jí lórí ibùsùn, àpò kan lẹ̀ mọ́ ìhà òsì ikùn mi. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ mi yóò máa gbà títí ayé. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn létí. Mo sunkún, nọ́ọ̀sì sì jẹ́ kí n sunkún tán kó tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni oògùn olómi tí wọ́n ń fà sí iṣan, oṣù lórí oṣù, tí omi lásán ń rùn lẹ́nu mi. Álífà wa ní kí n máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, pé Ọlọ́run kì í di ẹrù tó ju agbára lọ ru èèyàn. Orí àga ni mo ti ń kírun. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, àpò yóò bẹ́. Iwájú orí mi kò kan ilẹ̀ mọ́.

Èyí tó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ti ìyá mi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n wà, wọ́n ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn jà. Bùọ̀dá Làmídì ní bí wọ́n bá gbọ́, wọn yóò kú, a sì fi ohùn ṣọ̀kan láti fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ohùn mi ti yí padà, ìyá kì í sì í ṣi ohùn ọmọ mọ̀. Ni Bùọ̀dá bá sọ fún wọn pé wọ́n ti gbé mi sí iṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi, níbi tí fóònù kì í ti í ṣiṣẹ́. Ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé fún ọmọ wọn tó wà lójú òkun. Èmi tí wọ́n ń gbààwẹ̀ fún, mo dùbúlẹ̀ ní Mulhuddart, mò ń wo òrùlé. Tẹ́lẹ̀, Jímọ̀ kan kì í kọjá kí wọ́n má kì mí ní oríkì lórí fóònù. Ara mi ń fẹ́ oríkì yẹn ju oúnjẹ lọ.

Nígbà tí oògùn parí, dókítà ní kí n lọ sinmi dáadáa kí n tó padà síṣẹ́. Níbo? Ní Dublin ìgbà náà, gbogbo ayé ló ń sáré. Ilé kò sì ṣeé lọ, nítorí ìyá mi yóò rí mi. Dinesh ló ní ẹ̀gbọ́n òun ń dáná ní áṣírámù kan létí odò ní Íńdíà. Ó ní ilé ìdákẹ́jẹ́ ni, ìyá arúgbó kan ló ń darí rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sinmi lè gbé níbẹ̀, kó ṣáà bá wọn ṣiṣẹ́ díẹ̀. Àwọn ará ibi iṣẹ́ dáwó tíkẹ́ẹ̀tì fún mi.

"Bàbá Kádíjà," Sìkírá ní, "ṣé òrìṣà lẹ fẹ́ lọ bọ ni?"

"Oorun ni mo fẹ́ lọ sùn."

Álífà ní kí n lọ, kí n jẹun, kí n sùn, ṣùgbọ́n kí n má tẹrí ba fún ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Mo ṣèlérí.

Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló kọ́kọ́ kí mi. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹ ò mọ̀ pé ilé ni mo dé. Yàrá mi kéré, pákó ni ibùsùn, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn so kọ́ lókè rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ọmọńlé lára ògiri. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Nàìjíríà n kò rí ọmọńlé. Èmi tí mo máa ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo jókòó, mò ń wò ó títí oorun fi gbé mi lọ.

Aago kan ń dún nídàájí, láti ìgbà náà títí wọ́n fi jẹun àárọ̀ tán, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wo ìyà! Kí èèyàn jí, kó rí àgbàlagbà, kó sì kọjá lára rẹ̀ bíi pé igi ló rí. Ìkíni há mi lọ́fun. Àwọn Òyìnbó tó wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá fún ìdákẹ́jẹ́ yìí gan-an, ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ara wọn. Èmi ń tẹ orí ba díẹ̀, mò ń káwọ́ sẹ́yìn, mò ń sọ ọ́ nínú ikùn.

Oúnjẹ wọn bá mi lára mu. Ilẹ̀ la máa ń jókòó sí, ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè bíi gbẹ̀gìrì, ata sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹ ẹ́. Omi ọbẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá àwọn Òyìnbó, èmi ń wò wọ́n tàánú-tàánú. Ẹran nìkan ni kò sí. Ní òru kan mo lálàá ṣàkì. Àwọn ọ̀bọ sì wà lórí òrùlé tí kò sẹ́ni tó lè fojú di wọ́n. Ọ̀kan gbé ọṣẹ mi lọ, ó bù ú jẹ, ó wò mí bíi pé èmi ni mo tàn án jẹ.

Ìrun mi ńkọ́? Ojú ibi tí oòrùn ti ń yọ ni mo kọ àga sí bí a ti í ṣe nílé. Ó di ọjọ́ tí mo lọ sọ́jà kí télọ̀ kan tó jẹ́ mùsùlùmí tó rọra bi mí níbi tí mò ń kọjú sí. Mo nawọ́ sí i. Ó dì mí léjìká mú, ó yí mi padà síbi tí oòrùn ń wọ̀. Mọ́kà wà lẹ́yìn mi láti ìgbà tí mo ti dé! Kò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi rí pé ibì kan wà láyé tí ìlà-oòrùn kì í ti í ṣe ọ̀nà Mọ́kà.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni kí n máa ṣa òkúta inú ìrẹsì. Iṣẹ́ tí ìyá mi máa ń fún mi nìyẹn bí mo bá ti ilé kéú dé, wọn yóò gbé àtẹ sáàárín wa, wọn yóò sì máa sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, Bernie, ará Finglas ní Dublin, ni a jọ ń ṣa á níbí. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mò ń gbé, ó pariwo bí ẹni tó ń sọ pé irọ́ ni, "Mulhuddart! Would you go 'way!" Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti gbà wá láyè láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àti òjò ni tiwa. Ó yà mí lẹ́nu pé àárò òjò Mulhuddart ń sọ mí. Àárò ilé méjì ló wà lọ́kàn mi, n kò sí nínú ọ̀kankan.

Ìyá tí wọ́n ń pè ní Mátàjí, èyí tí í ṣe ìyá lédè wọn, kò sí nílé nígbà tí mo dé. Fọ́tò wọn nìkan ló wà ní gbọ̀ngàn, ti ìgbà èwe, òdòdó lọ́rùn. Wọ́n ní bí ìyá náà bá dé, gbogbo èèyàn a máa wólẹ̀ níwájú wọn. Mo pinnu pé lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn òpó ni n ó jókòó sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ní àsìkò ìdákẹ́jẹ́, mo gbé àtẹ ìrẹsì jáde láti ilé ìdáná. Ìyá arúgbó kan ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, aṣọ wọn ti gbó díẹ̀, wọ́n ń húkọ́, wọ́n sì fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. N kò rò ó. Mo gbé àtẹ sílẹ̀, mo na gbalaja. "Ẹ káàárọ̀ mà!"

Ohùn mi dún jákèjádò ọgbà.

Àyà, ikùn, iwájú orí, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí sìmẹ́ńtì. Ìgbà tí mo délẹ̀ tán ni mo rántí àpò. Mò ń retí kó bẹ́. Kò bẹ́. Ó wà níbẹ̀, ó rọ̀, kò dùn mí. Láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, n kò mọ̀ pé ara mi ṣì lè délẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò lè dìde. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, àgbà ni yóò dá a lóhùn kó tó dìde. Ìyá yìí kò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n ń pa òfin ìdákẹ́jẹ́ mọ́, èmi ń pa ti ilé wa mọ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lẹ́yìn mi. Ẹnì kan wólẹ̀, ẹlòmíràn wólẹ̀. Nígbà náà ló wá yé mi ẹni tó dúró níwájú mi. Yéè! Álífà!

Bẹ́ẹ̀ ni ẹkún gbà mí. Kì í ṣe nítorí Álífà. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń dúró de kí ẹnì kan pè mí ní Àkànní, kò sì sí ẹni tó mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ yẹn. Ìyá mi ni mo fẹ́. Mo ti bímọ, irun funfun ti ń wù lágbọ̀n mi, ìyá mi ni mo fẹ́.

Ọ̀pá Mátàjí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Wọ́n sọ̀rọ̀ kan, ohùn wọn há. Mo gbọ́ bí ẹnu ṣe ya àwọn èèyàn. Ẹ̀gbọ́n Dinesh ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn oúnjẹ. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Ọmọ, ilẹ̀ tutù. Dìde."

Bernie fà mí dìde. Mo gbé àtẹ ìrẹsì padà, mo sì jáde lọ sọ́jà, síbi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù sí òkè òkun.

"Ẹ káàárọ̀ mà," mo ní.

"Àkànní! Ṣé ọkọ̀ ojú omi yín ti gúnlẹ̀?"

Mo ní kò sí ọkọ̀ kankan. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ẹ̀jẹ̀, ọ̀bẹ, àpò. Ọkùnrin kan ń kanlẹ̀kùn pé kí n jáde, mo kọ̀yìn sí i.

"Ta ló ń bá ọ fọ aṣọ?" ni ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ bi mí.

"Sìkírá ni, mà."

"Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un." Wọ́n tún ní, "Wọ́n ní kí n má gbọ́ kí n má baà kú. Ta ló sọ fún wọn pé bí n kò ṣe gbọ́ ohùn rẹ yìí, mo wà láàyè?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, wọ́n ń kì mí títí owó fóònù fi tán.

Nígbà tí mo dé Dublin, mo ròyìn ara mi fún Álífà. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tí obìnrin náà jẹ́ kí n tó dọ̀bálẹ̀. Mo ní mo rò pé ìyá arúgbó kan ṣá ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Ìkíni lo kí," ó ní. "Ọlọ́run mọ ọmọ Yorùbá." Àyẹ̀wò ilé ìwòsàn sì jáde, kò sí jẹjẹrẹ. Bí mo ṣe gba àyè níbi iṣẹ́, Ìsẹ́yìn ni mo kọrí sí.

Ìyá mi ti kéré sí i. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kì mí, a jọ sunkún. Bùọ̀dá Làmídì wà níbẹ̀, ó ń wolẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá mi ní kí gbogbo èèyàn jáde, wọ́n ní kí n ká aṣọ sókè. Ojú tì mí. Mo ní, "Màámi, kò dára í wò." Wọ́n fọwọ́ kan àpò náà.

"Ṣé kì í dùn ọ́?"

"Kì í dùn mí, mà."

"Nígbà tí mo bí ọ, èmi ni mo ń fi omi gbígbóná jó ìwọ́ rẹ títí ó fi já. Fi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èyí hàn mí."

Mo fi hàn wọ́n. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo lò nílé, àwọn ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń lò, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí i kó lè gbẹ, wọ́n sì ń bá mi wí pé kí n má mira.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lójú ọ̀nà yìí, ẹ tètè lọ jẹ́ kí dókítà wo ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí, ẹ má fún un lórúkọ fúnra yín. Ẹ sì sọ fún ìyá yín. Ara mi ti le báyìí, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté, iṣẹ́ tó fúyẹ́ ni wọ́n fún mi, iwájú orí mi ń kan ilẹ̀ lórí ìrun. Ìyá mi wà láàyè. Láràárọ̀ ní Mulhuddart, mo máa ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, mo máa ń gbé àpò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi. Sìkírá a máa kanlẹ̀kùn pé ṣé kí òun bá mi ṣe é. Mo máa ń ní rárá, ó ṣeun. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń dúró díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, bíi pé ọwọ́ kan ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn.